Bí Owó Iná Bá Ju Ohun Tí A Lò Lọ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó iná mànàmáná, nítorí pé kò sí ìpàdé tí a ń ṣe mọ́ tí ẹnì kan kì í mú bíìlì wá fi hàn wá. N kò ní pẹ́. Ẹ mú bírò yín jáde, nítorí pé ìṣirò wà nínú rẹ̀.

Ìjà méjì ló wà lórí owó iná, ẹ má sì jẹ́ kí a pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni ìjà lórí iye tí wọ́n fi lé yúníìtì kan. Ìyẹn kì í ṣe ìjà ẹnì kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé owó yúníìtì fún àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225. NLC àti TUC ló kó òṣìṣẹ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì NERC àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, ó sì wà lára ohun tí a torí rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún náà. Ìjà kejì ni ti ẹni tí wọ́n kọ yúníìtì tí kò lò sí lọ́rùn. Èyí ni mo bá wá. Kò sí ẹgbẹ́ tí yóò daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mítà ilé kan. Ẹni tí ó ni mítà ni yóò kọ́kọ́ kà á.

Ọ̀kan nínú wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní sítọ̀ gba bíìlì kan. Èmi àti òun jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà kí n fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Bíìlì náà ní mítà rẹ̀ wà ní 18,452 nígbà tí wọ́n kà á kẹ́yìn, àti pé ó ti dé 18,962. Yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn, ó ku yúníìtì 510. Iye tí wọ́n kọ sórí bíìlì fún yúníìtì kan ni náírà 209 àti kọ́bọ̀ 50. Ìyẹn jẹ́ náírà 106,845. Wọ́n wá fi owó orí ọjà tí ó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, gbogbo rẹ̀ sì di náírà 114,858. Ẹ rántí pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 ni náírà 70,000. Ẹni tí ń gba iye yẹn yóò kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ kalẹ̀, yóò sì tún lọ yá 44,858 náírà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹun.

Ohun tí ó wà lọ́kàn ọkùnrin náà ni pé kí ó lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ pariwo. Ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́n. Obìnrin náà mú tọ́ọ̀ṣì, ó lọ ka mítà lára ògiri. Mítà wà ní 18,710. Ẹ gbọ́ o: ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí bíìlì ti jáde, síbẹ̀ mítà kò tíì dé iye tí bíìlì sọ pé ó ti dé. Mítà kì í sì í rìn padà sẹ́yìn. Bí a ti tún nọ́ńbà náà wò ni ọ̀rọ̀ hàn sí wa: ẹni tí ó ka mítà rí 692, ó sì kọ 962. Mẹ́fà àti mẹ́sàn-án ló gba ipò ara wọn. Ohun tí ilé náà lò ní tòótọ́ ni yúníìtì 240, owó rẹ̀ pẹ̀lú owó orí ọjà sì jẹ́ náírà 54,051. Nítorí àṣìkọ nọ́ńbà méjì, wọ́n fẹ́ gba náírà 60,807 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Ó ya fọ́tò mítà náà, ó kọ lẹ́tà, ó san 54,051, ó sì sọ nínú lẹ́tà pé ohun tí òun lò ni òun san. Wọ́n rán ènìyàn wá ka mítà lójú rẹ̀, wọ́n sì tún bíìlì náà kọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àti ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ. Bí ó bá jẹ́ pé ariwo ni ó lọ pa, ta ni yóò gbọ́?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní mítà, kí ó ra ìwé kékeré kan kí ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí ó kọ nọ́ńbà tí ó bá rí síbẹ̀. Kí ó fi nọ́ńbà mítà tí ó wà lórí bíìlì wé èyí tí ó wà lára mítà gan-an, nítorí pé mo ti rí ibi tí ayálégbé méjì ti ń san bíìlì ara wọn fún ọdún kan. Ẹni iyàrá kan ń san owó fírísà ẹni kejì!

Ṣùgbọ́n kí á tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí á wo inú ilé tiwa pẹ̀lú. Yúníìtì kan ni ohun tí wáàtì 1,000 jẹ láàárín wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,000 yóò jẹ ẹ́ tán ní wákàtí kan. Kẹ́tù oní-wáàtì 2,000 yóò jẹ ẹ́ ní ààbọ̀ wákàtí. Fáànù òkè àjà tí ó jẹ́ wáàtì 75 yóò yí fún nǹkan bí wákàtí 13 kí ó tó jẹ ẹ́ tán, gílóòbù tuntun oní-wáàtì 10 yóò sì tàn fún ọgọ́rùn-ún wákàtí. Ẹ wá pín yúníìtì inú bíìlì yín sí ọgbọ̀n ọjọ́. Ti ọ̀rẹ́ wa yẹn, 510, jẹ́ 17 lójúmọ́. Ilé tí kò ní ju fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù méjì lọ, kí ni yóò jẹ yúníìtì 17 níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi iná gbóná omi ìwẹ̀ fún ènìyàn mẹ́fà láràárọ̀, kí ó rọra ṣírò kí ó tó bínú. Ohun kan tún wà: ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ sì lọ wo mítà. Bí ó bá ṣì ń sáré, ó lè jẹ́ pé wáyà kan ń jo, ó sì lè jẹ́ pé aládùúgbò kan ti so mọ́ tiyín. Oníṣẹ́ iná ni ẹ ó pè fún èyí, kì í ṣe lẹ́tà ni ẹ ó kọ.

Àwọn tí kò ní mítà ni ìyà ń jẹ jù, nítorí pé àfojúbù ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Àfojúbù náà kò wà láìní òpin o. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni NERC ti fi òpin sí yúníìtì tí wọ́n lè kọ fún ilé tí kò ní mítà lóṣù, wọ́n sì máa ń tẹ iye náà jáde fún wáyà kọ̀ọ̀kan tí ó ń gbé iná wá sí àdúgbò. Ẹ bèèrè orúkọ wáyà tí ń gbé iná wá fún yín, kí ẹ wá fi bíìlì yín wé iye tí wọ́n tẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àhesọ ni mò ń sọ: ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ yìí bu owó ìtanràn tí ó ju bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ lé ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá tí ń pín iná, nítorí pé wọ́n gba owó ju òpin lọ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní mítà láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá iye náà padà sínú àkáǹtì àwọn oníbàárà. Nǹkan mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí: ẹni tí kò ní mítà, tí ó sì ń bá wọn ṣe àríyànjiyàn lórí bíìlì, ní ẹ̀tọ́ láti san iye bíìlì tí ó kẹ́yìn tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A, wákàtí ogún lójúmọ́ ni owó tí ẹ ń san wà fún. Ìlànà tí NERC gbé jáde ní ọdún 2024 ni pé bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè pèsè iye wákàtí náà fún ọjọ́ méje léraléra, kí ó já àdúgbò náà sí ìsọ̀rí tí ó bá wákàtí tí wọ́n rí mu. Ẹ kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí ó lọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni, ẹ gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó fẹ́ràn àkọsílẹ̀.

Lórí lẹ́tà: ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà mítà, oṣù tí bíìlì jẹ́, ohun tí wọ́n kọ, ohun tí ẹ̀yin rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní gbólóhùn kan: kí wọ́n wá ka mítà lójú yín, kí wọ́n sì tún bíìlì kọ. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò rí i rí. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí ọ́fíìsì tí NERC yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sùn oníbàárà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti gba àkóso iná sọ́wọ́ ara wọn lábẹ́ òfin ọdún 2023, bíi Èkìtì, Oǹdó àti Èkó, àjọ ìpínlẹ̀ ni ẹ ó tọ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá gbé àkàbà wá láti já iná, ẹ má bá a jà. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni, wọ́n rán an níṣẹ́ ni, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn, NUEE. Ẹ fi lẹ́tà olóǹtẹ̀ hàn án, kí ẹ sì bèèrè ìwé ìkìlọ̀, nítorí pé ó yẹ kí wọ́n kọ̀wé sí oníbàárà kí wọ́n tó já iná rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ fún òun ní nǹkan kékeré kí òun fi yí padà, ẹ má fún un. Gbèsè náà yóò ṣì wà lórí ìwé, ẹ ó sì tún rí i ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun fo mítà dá fún yín, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ló ń fi hàn yín.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí a fi àpẹẹrẹ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá ní bíìlì tí ó ń kọ ọ́ lóminú, kí ó mú òun àti bíìlì oṣù mẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀ wá, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó kà lára mítà. A ó jókòó ṣírò rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá láìka mítà. Mo ṣetán láti gba ìbéèrè báyìí.