Bátànì Ọlọ́ba: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Àwòṣe Kọ̀ǹpútà Aláìlára

 

1. Ìfáárà

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ tiwa ni láti máa béèrè nípa ìwé pé: ẹ̀dà wo nìyí? Ọwọ́ ta ni ó ti jáde? Kí ni wọ́n fi kún un, kí sì ni wọ́n yọ kúrò? Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ní irú ìbéèrè yìí láti dáhùn lójoojúmọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé bí ènìyàn bá ní bátànì tí kò sì tọ́jú rẹ̀, bí ó bá ṣe ń yára lò ó tó ni àṣìṣe rẹ̀ yóò ṣe máa pọ̀ tó.

2. Kí ni kọ̀ǹpútà aláìlára?

A lè fi ọgbọ́n pín agbára kọ̀ǹpútà ńlá kan sí ọ̀nà púpọ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ ni. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní kọ̀ǹpútà aláìlára: a lè lò ó, ṣùgbọ́n a kò lè fi ọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. IBM ti kéde VM/370 láti 1972. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ẹnikẹ́ni lè yá a láti ọ̀nà jíjìn, kí ó sì sanwó ìwọ̀nba àkókò tí ó fi lò ó. Èyí ni wọ́n ń pè ní cloud. Amazon gbé tirẹ̀ jáde ní 2006, ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà sì ni àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà wà. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ibùdó ńlá sí Cape Town. Ní 2023, ó ṣí ẹ̀ka kékeré tí ó so mọ́ ti Cape Town sí Èkó níhìn-ín.

Bí wọ́n bá ti to kọ̀ǹpútà aláìlára kan dáadáa, wọn a ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀dà yìí ni bátànì. Bí wọ́n bá nílò ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà, bátànì kan náà ni wọn yóò fi gé gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti í fi pépà kan gé aṣọ ẹbí.

3. Ẹ̀kọ́ láti ara àdìrẹ

Ní Abẹ́òkúta, wọn a máa gé bátànì sára páànù pẹlẹbẹ, wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ri aṣọ náà sínú aró. Ọ̀kan nínú àwọn bátànì tí ó lókìkí ni Ọlọ́ba, tí ó gbé àwòrán Ọba George Karùn-ún àti Olorì Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayẹyẹ ọdún 25 tí ọba náà gorí oyè, ní 1935, ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ọba wàjà ní oṣù kìn-ín-ní 1936. Bátànì kò wàjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn aláró ṣì ń fi ṣe aṣọ tuntun.

Lára aṣọ, ẹwà ni èyí, ó sì tọ́jú ìtàn fún wa. Nínú kọ̀ǹpútà, ewu ni. Bátànì tí wọ́n gé ní 2021 lórí CentOS 7 lè dára nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe CentOS 7 dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, 2024. Ẹni tí ó bá ń fi bátànì náà gé kọ̀ǹpútà lónìí, ọba tí ó ti wàjà ni ó ń yà sára aṣọ. Ihò tí olè bá rí níbẹ̀, àwọn tí ó ṣe é kò ní dí i mọ́.

4. Ìlànà ìtọ́jú

Èkíní ni orúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bátànì tí a kàn pè ní "tuntun" yóò da ojú rú nígbà tí tuntun mìíràn bá dé. Ó yẹ kí orúkọ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, àti ọjọ́ tí wọ́n gé e, àti ìpìlẹ̀ tí wọ́n gé e lé.

Èkejì ni ìran. Lọ́dọ̀ Google, a lè kó àwọn bátànì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà sínú ẹbí kan. Ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ ẹbí, àbíkẹ́yìn ni yóò rí gbà. Bí àbíkẹ́yìn bá ní àbùkù, wọn a kéde ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ẹbí a sì tún máa na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìfẹ̀yìntì náà, tí ó ní ìpele. Ní àkọ́kọ́, a ṣì lè lo bátànì náà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yóò máa jáde. Lẹ́yìn èyí, kò ní gé kọ̀ǹpútà tuntun mọ́. Níkẹyìn, wọn a pa á rẹ́. Síbẹ̀, pípa bátànì rẹ́ kò kan àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi gé. Aṣọ tí ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ti kúrò. Nítorí náà, àfi kí á ní àkọsílẹ̀ ohun tí a fi bátànì kọ̀ọ̀kan gé.

Ẹ̀kẹrin ni àṣírí. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012, àwọn onímọ̀ yẹ bátànì tí ó ju 5,000 lọ wò, èyí tí àwọn ènìyàn gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dọ̀ Amazon. Wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nínú àwọn kan. Wọ́n sì rí fáìlì tí ẹni tí ó ni ín rò pé òun ti pa rẹ́, wọ́n jí i dìde. Ẹni tí ó bá fi bátànì tọrẹ láì yẹ inú rẹ̀ wò lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tọrẹ mọ́ ọn.

5. Ta ni ó mọ bí wọ́n ṣe gé e?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rin ìrìn-àjò. Bí ẹni tí ó gé bátànì bá kó lọ sí Kánádà, tí kò sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ni ó fi sílẹ̀, kò fi ọ̀nà ìsebẹ̀ sílẹ̀. Ọbẹ̀ náà yóò kan lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tí yóò lè se òmíràn. Irinṣẹ́ bíi Packer, tí ó jáde ní 2013, wà fún èyí: ìlànà ni a ó kọ sílẹ̀ bí ìwé, irinṣẹ́ náà yóò sì máa tẹ̀ lé e gé bátànì tuntun. Ìwé nìyẹn, a lè kà á, a lè ṣe àtúnṣe rẹ̀, a sì lè fi kọ́ ọmọ.

Ibi ìpamọ́ tún ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Ó yẹ kí ẹ̀dà wà ju ibì kan lọ. Ṣùgbọ́n nínú ètò Amazon, ẹ̀dà tí a fi ránṣẹ́ sí ibùdó mìíràn ti dá dúró: àtúnṣe tí a bá ṣe nílé kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà púpọ̀ ni iṣẹ́ ìtọ́jú pọ̀ fún.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Owó àwọn ènìyàn, àkọsílẹ̀ aláìsàn àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wá sínú irú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí. Mo rọ àwọn tí ó ń gé bátànì ní ìlú yìí kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fọ inú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì sin èyí tí ó bá ti kú. Mo sì rọ àwa onílítíréṣọ̀ kí á má ṣe jókòó sẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀dà, iṣẹ́ wa ni láti ọjọ́ pípẹ́.