Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Wa, Kí Owó Wa Má Bàa Há

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ owó tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ rí gbà nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àti ohun tó ń mú kí owó náà pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìsọlọ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí pé iṣẹ́ lè bọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn. Lónìí, bí a bá dárúkọ Aswani, ọjà ni ọ̀pọ̀ ọmọdé mọ̀ ọ́n sí. Wọn kò mọ̀ pé orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1911 ni ó dá owó aláìníṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ kan. Òṣìṣẹ́, ọ̀gá àti ìjọba jọ ń dá owó, ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ a sì máa gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ fún wa. A ní National Provident Fund láti ọdún 1961, òfin ọdún 1993 sọ ọ́ di NSITF, lẹ́yìn náà ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 dé, tí ti ọdún 2014 sì rọ́pò rẹ̀. Inú òfin 2014 yìí ni ohun tó sún mọ́ owó aláìníṣẹ́ jù lọ wà fún wa.

Ohun tí òfin náà sọ nìyí. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú N100 owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀, a óò yọ N8 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá yóò sì fi N10 tirẹ̀ lé e, ó kéré tán. Owó náà yóò wọ àpò tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tí a ń pè ní PFA. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò yan PFA tó wù ú, kì í ṣe ọ̀gá. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí oṣù 4 sì kọjá tí kò rí òmíràn, ó lè gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àpò rẹ̀. Oṣù 6 ni òfin 2004 ní kí ó fi dúró. Ti 2014 ni ó dín in kù sí 4. Ẹ gbọ́ o: owó tiwa ni, kì í ṣe ọrẹ àánú.

Kí ló dé tí ẹlòmíràn fi ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì fún ọ̀pọ̀ oṣù? A ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ gba owó yìí, ohun tí a sì rí ni pé ìdádúró kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ fọ́ọ̀mù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí a kò wo ẹ̀yìn wò. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó ń gbà wọlé.

Èkíní, owó tí wọ́n yọ tí wọn kò san. Òfin ní kí ọ̀gá san owó náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 sí ọjọ́ tó san owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gba N100,000 ní N18,000 tó ń wọ àpò rẹ̀ lóṣooṣù. Ní ọdún 5, ó di N1,080,000, láìka èrè orí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ N270,000. Bí ọ̀gá bá fi ọdún 2 jókòó lé owó náà, N648,000 ló kù nínú àpò, ohun tí òṣìṣẹ́ yóò sì gbà di N162,000. N108,000 ti fò lọ nìyẹn, lásìkò tí ọmọ ń béèrè owó ilé ìwé tí onílé sì ń kan ilẹ̀kùn. Ìwé owó oṣù yóò máa fi hàn pé wọ́n yọ owó, ṣùgbọ́n yíyọ kì í ṣe sísan. Ìwé ìṣirò láti ọ̀dọ̀ PFA nìkan ni ó lè sọ òótọ́. Ọ̀gá tó bá jẹ owó yìí yóò san ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní N2 nínú N100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, àpò òṣìṣẹ́ ni ìtanràn náà sì tọ́ sí.

Èkejì, orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Bí orúkọ inú ìwé ibi iṣẹ́ bá yàtọ̀ sí ti NIN, tí ti báńkì sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì, wọn yóò dá ìwé padà. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti yí orúkọ padà nítorí ìgbéyàwó, ẹ tètè tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, lẹ́tà. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni a ti ń ka oṣù 4, lẹ́tà ni yóò sì fi ọjọ́ náà hàn. Ọ̀gá tó sọ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Má wá mọ́ lọ́la," ti fi ìdádúró lé ọ lọ́wọ́. Béèrè lẹ́tà tó sọ orúkọ rẹ, iṣẹ́ tí ò ń ṣe àti ọjọ́ tí o kúrò. Bí wọn kò bá fún ọ, wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó bá ọ kọ̀wé béèrè.

Ẹ̀kẹrin, nọ́ńbà méjì. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, ti ayé ẹni ni. Bí o bá yí ibi iṣẹ́ padà, nọ́ńbà kan náà ni kí o mú lọ. Ẹni tó bá tún forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ti so ara rẹ̀ lókùn. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé àwọn mọ ènìyàn nínú ọ́fíìsì, kí ẹ fún àwọn ní díẹ̀ nínú owó náà. A kì í sanwó kí a tó gba owó yìí.

Kí oṣù 4 tó pé ńkọ́, kí ni a óò máa jẹ? Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 fún wa ní ohun tí a lè dìmú. Ẹni tó ti lo oṣù 3 sí ọdún 2 ní ìwífún ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún 2 sí 5, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún 5 sókè, oṣù kan. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ àti ìṣe wọn bá dọ́gba. Ó sì gbọ́dọ̀ sapá láti bá ẹgbẹ́ dúnàá-dúrà lórí owó tí yóò san. Nítorí náà, ẹ má dá nìkan wọ ọ́fíìsì pásónẹ̀lì lọ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Ẹ̀bi ń pani, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí a bá ti fọwọ́ sí ṣòro láti pa rẹ́.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà àti kọ̀ndọ́kítọ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yín bá ní òṣìṣẹ́ 15, òfin kan náà ló de ọ̀gá yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ pàápàá, láti ọdún 2019 ni PenCom ti ṣí ọ̀nà fún un láti máa fi owó pamọ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. A sì gbà yín níyànjú pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa má ṣe kú, nítorí òun ni yóò gbé wa la oṣù 4 náà kọjá.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń béèrè kò pọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí olúkúlùkù gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ PFA rẹ̀, kí ó gbé e wá pẹ̀lú ìwé owó oṣù. A óò fi wọ́n wé ara wọn. Níbi tí owó bá ti há, a óò kọ orúkọ gbogbo ẹni tó kàn sínú ìwé kan ṣoṣo, a óò kọ́kọ́ gbé e lọ bá ọ̀gá, lẹ́yìn náà PenCom, bí kò bá sì yanjú, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, wà níbẹ̀. Lẹ́tà ẹnìkan ṣoṣo lè sùn sínú dúróà. Lẹ́tà ọgọ́rùn-ún ènìyàn kì í sùn. Àgbájọ ọwọ́ là ń fi sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan wa kò ní bàjẹ́ o.