Sípíkà Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ sípíkà la fẹ́ sọ lónìí, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi nínú ìtàn yìí, kí n tètè jẹ́wọ́.

Bàbá mi fi sípíkà ńlá méjì sílẹ̀ fún wa kó tó kú. Pákó ni wọ́n fi ṣe ara wọn, wọ́n ga dé ìbàdí mi. Inú wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Ebenezer Obey láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo gba yàrá tèmi ní Èkó, màmá mi ní kí n máa kó wọn lọ, ṣùgbọ́n kí n tọ́jú wọn.

Mo ra amplifier tuntun tí mo fẹ́ fi wo fíìmù. Ara páálí rẹ̀ ni mo wò: 3000 wáàtì PMPO, gàdàgbà gàdàgbà. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Mo tún ní sípíkà kékeré méjì nílẹ̀, mo bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ojú ibi kan náà tí mo so ti bàbá mi mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá lálẹ́ Sátidé. Fíìmù ò tíì dé àárín tí ohùn fi já. Ojú amplifier kọ PROTECT. Mo pa á, mo tún tàn án. Ó tún já. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo yí ohùn lọ sókè pátápátá, bí ẹni tó ń bá a jà. Tweeter sípíkà bàbá mi ti apá òsì bá dákẹ́.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe. Kò tíì ṣí i tó fi bi mí pé, "Ohm mélòó ni?"

Mo ní, "Bàbá, wáàtì ẹ̀ ni mo mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mi ò bi ẹ́ ní wáàtì."

Ohm ló ń sọ bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà lára amplifier á ṣe pọ̀ tó. Ohm 8 ni ti bàbá mi, 8 náà ni àwọn kékeré. Mo so méjì sójú kan, ẹ má rò pé wọ́n di 16 o. Wọ́n di 4! Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi méjì lára táńkì kan, ṣebí omi tó ń jáde á pọ̀ sí i ni. Ẹ̀yìn amplifier mi sì kọ ọ́ kedere: ohm 6 sí 16. Ìdí tó fi ń gbóná tó sì ń pa ara rẹ̀ nìyẹn.

Ti 3000 wáàtì yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé PMPO, kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo wọn fẹnu kò sí. RMS ni kí ẹ wá. Tèmi jẹ́ 40 lójú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fipá mú 40 yẹn, orí ìgbì ohùn gé pẹrẹsẹ, agbára tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ bá ya lọ sínú tweeter, tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ó jó. Amplifier kékeré tí wọ́n ń fipá mú lè ba tweeter jẹ́ ju ńlá tí wọ́n ń rọra lò lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé 40 ti tó mi! Ẹ wo dB tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà: bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún tó pẹ̀lú wáàtì 1, ní mítà 1. Sípíkà tó jẹ́ 87 nílò ìlọ́po méjì wáàtì kó tó dún bíi ti 90. Ti bàbá mi jẹ́ 91. Nínú yàrá kan ṣoṣo!

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ fi fóònù yín ya ẹ̀yìn sípíkà yín, kí ẹ fi fọ́tò náà wé ẹ̀yìn amplifier tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín.

Bàbá yẹn bá mi wá tweeter mìíràn, ṣùgbọ́n apá òsì ò dún bíi ti ọ̀tún mọ́. Màmá mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn.