Ìkòkò Ewé àti Àìsàn Influẹ́nsà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ sọ ní Kwangila)

Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kì í jìnnà sílé lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n influẹ́nsà ju ọ̀fìnkìn lọ: ibà, ara ríro àti ikọ́ a máa dá alágbára dùbúlẹ̀. Òun ló bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, tó tàn dé ilẹ̀ Hausa, tó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Bí ó bá dé, ìkòkò ewé la kọ́kọ́ ń gbé kaná: efinrin, ewé tíì, tàbí ewé yukalípítọ́ọ̀sì tí àwọn Hausa ń pè ní turare. Òróró inú wọn ló ń ta sánsán. Àwọn onímọ̀ ti dán irú òróró bẹ́ẹ̀ wò. Kòkòrò influẹ́nsà ní awọ ọlọ́ràá tó fi bora. Bí òróró yukalípítọ́ọ̀sì bá kàn án nínú ìgò àyẹ̀wò, ó lè sọ ọ́ di aláìlágbára.

Ìgò kì í ṣe àyà ènìyàn o. Oògùn tó pa kòkòrò lórí àgbàdo, ta ni yóò gbé e mu? A kò tíì rí ẹ̀rí pé òróró ewé wo influẹ́nsà sàn lára ènìyàn. Bí ọmọdé bá sì gbé òróró yukalípítọ́ọ̀sì mì, díẹ̀ péré lè fa gìrì.

Àgbàlagbà lè mu omi ewé tíì gbígbóná. Ó ń tu ọ̀fun. Ẹ má gbé ọmọ sórí omi híhó, ẹ má sì kán òróró sí imú ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ bá ń sáré mí, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí kò lè mu ọmú, ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Oògùn influẹ́nsà wà lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kí aláboyún àti arúgbó náà má ṣe jáfara.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ rántí Jaji, lójú ọ̀nà Kaduna. Oko adìẹ kan níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí influẹ́nsà adìẹ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kejì ọdún 2006. Bí adìẹ bá ń kú lójijì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ pe dókítà ẹran.

Ewé dára láti fi tu ara. Kí ó má ṣe dá wa dúró nílé títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.