Owó Ilé-Iṣẹ́ àti Ọwọ́ Òṣìṣẹ́

Kò sí ọmọ àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ jù fún yóò bẹ àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Wọn yóò gbé ọkọ́ wá. Olóko yóò sì wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tí ó ni oko ni ó ń bọ́ àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ kan wà lóde òní tí kò rí bẹ́ẹ̀. Odò, igbó tàbí etí òkun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú ni oko. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò wá èrè ni ó ń pe ọ̀wẹ̀. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan, tí kò ni oko, ni ó sì ń yọ̀ǹda àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ó tún ń fi owó ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn. Kí ni oníṣòwò ń wá nínú irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a wò fínnífínní wà ní ìlú Ventura, ní ìpínlẹ̀ California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Alágbẹ̀dẹ ni Yvon Chouinard kí ó tó di oníṣòwò aṣọ. Ní ọdún 1957 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ èèkàn irin tí àwọn tí ń gun òkè máa ń gbá mọ́ inú pàlàpálá àpáta. Ọjà náà tà wàràwàrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gbá èèkàn wọlé, tí wọ́n sì ń yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú àpáta ń bàjẹ́. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta irinṣẹ́ mìíràn tí a kàn ń fi ọwọ́ há sínú àpáta láìlo òòlù, ó sì ń rọ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n pa èèkàn tì; bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára èèkàn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ owó rẹ̀ ti ń wọlé. Ọdún 1973 ni ilé-iṣẹ́ aṣọ tí a ń pè ní Patagonia bẹ̀rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 náà, àwọn kan ń gbèrò láti yí ipa odò Ventura padà ní ẹnu òkun, kí wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn onímọ̀ jẹ́rìí pé kò sí ìpalára kankan níbẹ̀, nítorí pé odò náà ti kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó fi àwòrán tí ó yà létí odò hàn wọ́n: ẹyẹ nìyí, ejò omi nìyí, ọmọ ẹja nìyí, irú ẹja tí í lọ sí òkun tí í sì í padà wá yé ẹyin nínú odò. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ètò náà wọmi. Patagonia fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àyè nínú ọ́fíìsì wọn, wọ́n fún un ní àpótí ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ń fún un ní owó táṣẹ́rẹ́ láti máa gbèjà odò náà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ẹ̀bùn yìí. Àyè ìjókòó àti àpótí lẹ́tà! Kò sí olówó tí yóò pe oníwèé-ìròyìn wá wo irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sábà máa ń pa ẹgbẹ́ kékeré kì í ṣe àìsí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Owó sítáǹbù, owó ilé, ẹni tí yóò gba lẹ́tà sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó jókòó sí ìlú ńlá tí ó ń ka ìwé ìbéèrè-fún-owó kò lè mọ èyí. Ẹni tí ó ti bá ẹgbẹ́ náà kó pàǹtírí nínú odò mọ̀ ọ́n. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni Patagonia ti ń ya ìdá 1 nínú 100 owó ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àyíká. Owó ọjà ni, kì í ṣe èrè. Akọ̀wé ìṣirò tí ó gbọ́n lè mú kí èrè pòórá, ṣùgbọ́n owó ọjà kò ṣeé fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan ẹgbẹ́ tí yóò gba owó. Láti ọdún 1993, òṣìṣẹ́ lè fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì, kí ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kí owó oṣù rẹ̀ sì máa wọlé. Kódà, bí ọlọ́pàá bá mú òṣìṣẹ́ tí ó ti kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀hónú hàn láìjà, ilé-iṣẹ́ ni yóò san owó béèlì rẹ̀. Ọ̀gá mélòó ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ìpolówó ọjà ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ kọ́ pátápátá. Lára aṣọ tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà ni èyí tí a fi òwú tí ó ti inú epo rọ̀bì wá hun, tí ń tú fọ́nrán wínníwínní sínú omi nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó náwó sí ìwádìí tí ó fi èyí hàn ní ọdún 2016. Bí a bá sì wo ibòmíràn, ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni ó pọ̀ jù: igba òṣìṣẹ́ yóò wọ ẹ̀wù kan náà, wọn yóò gbin igi, wọn yóò ya fọ́tò. Ẹgbẹ́ tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ ni yóò wá ṣọ́bìrì, omi mímu àti ẹni tí yóò darí wọn. Ta ni yóò bomi rin igi náà ní oṣù Ṣẹẹrẹ?

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó ṣòwò epo rí, ni ó dá àjọ tí ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, Nigerian Conservation Foundation, sílẹ̀ ní ọdún 1980. Ní ọdún 1990, àjọ náà ya igbó kan sọ́tọ̀ ní Lẹ́kí, tí ó tó hẹ́kítà 78. Chevron, ilé-iṣẹ́ epo, ni ó náwó sí ibùdó náà. Ọ̀bọ ṣì ń fò láti igi dé igi níbẹ̀, nígbà tí ilé alájà ti gba gbogbo àyíká rẹ̀. Owó yìí ṣe iṣẹ́ tí ojú rí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú nítorí pé epo ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ńlá Chevron àti ẹnu ọ̀nà igbó náà kọjú síra wọn ni. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ nìkan ni ó là wọ́n láàárín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ náà ti jinlẹ̀ tó kò ní láti ka orúkọ tí a kọ sára pátákó. Kí ó dúró létí títì ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò sí ayẹyẹ, kí ó wo iye òṣìṣẹ́ tí ń sọdá pẹ̀lú àdá àti ìbọ̀wọ́.