Ewu Lójú Aláṣẹ, Ewu Lójú Ọ̀dọ́



Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni mo gbé wá. Kí àwọn àgbà foríjì mí. A kì í sọ irú rẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ wa gan-an ni mo wá bá wí.

Ní 1999, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i pé kí a máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀. Ariwo ta. Nígbà tí yóò fi di 2003, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ nípa ìgbésí-ayé ẹbí àti àrùn éèdì, wọ́n sì ti yọ ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kúrò nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ní oṣù kọkànlá 2022, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò. Ó ní iṣẹ́ òbí àti ilé ìjọsìn ni.

Lójú aláṣẹ, ìmọ̀ ni ewu: bí ọmọ bá gbọ́, yóò dán an wò. N kò pe ìbẹ̀rù yìí ní òmùgọ̀. Èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti ọmọbìnrin ọdún 15, kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Ìtìjú ni ewu tirẹ̀: kí bàbá má gbọ́, kí nọ́ọ̀sì má pariwo mọ́ ọn lójú èrò, kí ẹgbẹ́ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí ìtìjú yìí ni yóò ṣe gbé oyún pamọ́ títí ọ̀ràn yóò fi bọ́ sórí.

Òbí wo ni a wá ń fà á lé lọ́wọ́? Ní agboolé àtijọ́, ìyàwó ilé àti ẹ̀gbọ́n wà tí ọmọbìnrin lè bi léèrè. Nínú yàrá kan tí a háyà ní Okokomáíkò, ìyá ti jáde lọ sí Alábà ní ìdájí. Bí ó bá dé lálẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé ń wo ilé-ìwé, ilé-ìwé ń wo ilé.

Mo rí àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Alága, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè wọn ṣáájú ti àwa àgbà.