Ìbínú Tó Ní Ìlù: Arka'n Asrafokor láti Lomé

Bó bá jẹ́ inú dánfó lẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ di fóònù yín mú dáadáa, pàápàá tí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò láti Cele lọ sí Òṣòdì. Kọ̀ńdọ́ da ṣéńjì èmi àti ẹnì kan pọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹni náà ti bọ́ sílẹ̀ ní Toyota pẹ̀lú owó mi. Inú bí mi! Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ki earpiece bọ etí, mo tẹ àwo kan.

Dzikkuh lorúkọ àwo náà. Arka'n Asrafokor, ẹgbẹ́ metal láti Lomé ní Tógò, ló gbé e jáde ní 2024. Lédè Ewe, tí wọ́n fi ń kọrin pẹ̀lú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, dziku ni ìbínú. Dzi sì ni ọkàn. Tiwọn ń ti ọkàn wá, tiwa ń bí nínú.

Gìtá á kọ́kọ́ wọlé bíi jẹnẹrétọ̀ ńlá. Rock Ahavi, tó ń ta gìtá tó sì ń kọrin, á ké bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya. Ẹ má tíì pa á o! Lábẹ́ ariwo yẹn, ẹ máa gbọ́ agogo àti ìlù Ewe. Lẹ́yìn náà, ohùn á rọ̀, ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é. Nínú Angry God of Earth, ilẹ̀ ló ń bínú sí ọmọ aráyé. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ẹni bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

Màmá mi gbọ́ díẹ̀ nílé wa ní Ìsọlọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń bá wọn jà?" Mo ní, "Màámi, orin ni. Ará Lomé ni wọ́n, ẹ̀yìn Kútọnu níbẹ̀ yẹn." Wọ́n tẹ́tí díẹ̀ sí i. "Agogo yẹn dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Tí ẹnì kan bá sì ní gìtá líle kì í ṣe tiwa, ẹ rán an létí BLO, àwọn ọmọ Èkó tó gbé Chapter One jáde ní 1973.

Wọ́n kọ́ wa pé ìbínú ò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibo ni ìbínú tí a gbé mì ń lọ? Owó mọ́tò gun òkè, a gbé e mì. Wọ́n mú iná lọ, a gbé e mì. Tó bá dalẹ́, a ó wá pọ̀ ọ́ sórí àbúrò wa nítorí abọ́ kan tí kò fọ̀. Àwo yìí fún ìbínú ní ìlù, ó fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Nígbà tí mo dé Òṣòdì, owó mi ò padà, ṣùgbọ́n mi ò gbé ìjà kankan délé.

Iṣẹ́ àmúrelé yín rèé: ẹ gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tẹ̀lé gìtá. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹ̀lé agogo. Kí ẹ wá fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi: ìbínú wo lẹ gbé mì lọ́sẹ̀ yìí?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má gbàgbé ṣéńjì yín o.